Wendell Scott, awakọ̀ ìje ọmọ Danville: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ta ni Wendell Scott?

Wendell Oliver Scott ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ìlú Danville, ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1921. Ibẹ̀ ló gbé, ibẹ̀ ló ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì sí, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1990. Òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní nínú ìje tó ga jù lọ ní NASCAR, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré ìje ọkọ̀ stock car ní Amẹ́ríkà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn máa ń parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí, wọn kò sì ṣe ọkùnrin náà dáadáa. Ìje 495 ló sá ní ìpele yẹn láàárín ọdún 1961 sí 1973. Ẹyọ kan ló borí. Àmọ́ ìgbà 147 ló parí láàárín ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́, ìgbà 20 nínú rẹ̀ sì jẹ́ láàárín ẹni márùn-ún. Ọkọ̀ àlòkù tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn tún ṣe ló fi sá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ogún tó fi sílẹ̀ wà nínú gbogbo 495 yẹn.

Kí ni wọ́n ń pè ní stock car?

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe fún títà fún gbogbo ènìyàn ni, irú Ford tàbí Chevrolet tí bàbá kan lè fi gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kò jọ ọkọ̀ Formula 1 tẹ́ẹ́rẹ́ tí táyà rẹ̀ yọ síta.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di ọkọ̀ ìje láyé Scott nìyí. Wọ́n á kọ́kọ́ tú inú rẹ̀: àga ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì, àti ohun gbogbo tó lè tètè gbiná. Ajórin á wá fi páìpù irin jó àgò yí ìjókòó awakọ̀ ká, kí òrùlé má baà tẹ̀ ẹ́ pa bí ọkọ̀ bá takìtì. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn pa pátápátá. Ojú fèrèsé ni awakọ̀ ń gbà wọlé, ibẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Sípíríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì méjì sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìdí ni pé ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo máa ń gbóná jù, epo inú rẹ̀ á fúyẹ́ bí omi, kò ní lè di ẹsẹ̀ mú mọ́, táyà á sì máa ta lójú pápá. Họ́ọ̀bù àti rímù náà gbọ́dọ̀ nípọn, torí ti ilé iṣẹ́ máa ń ya ní kọ́nà.

Ní àárín àwọn ọdún 1960, ọkọ̀ tó bá ru ẹ́ńjìnnì lítà 7 ń sún mọ́ 1,800 kílò. Apá òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí lórí pápá roboto, nítorí náà táyà iwájú apá ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ jẹ tán: òun ni gbogbo ìwúwo yẹn ń rọ́ lé ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tó bá mọ̀ pé òun kò lówó táyà mìíràn ní láti dín iná kù kó tó dé kọ́nà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, yóò wúlò níwájú.

Níbo ló ti kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀?

Lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà máa ń wakọ̀ fún àwọn olówó aláwọ̀ funfun, ó sì ń bá wọn tún un ṣe. Danville nígbà náà, ilé iṣẹ́ aṣọ òwú àti tábà ló gba gbogbo ìlú kan. Scott kò fẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá máa dúró lé e lórí. Láti kékeré ló ti fẹ́ràn eré sísá: a máa fi kẹ̀kẹ́ bá àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun díje, a sì máa fi bàtà onítáyà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo já sí ìsàlẹ̀ òkè gíga inú ìlú náà.

Ó wa takisí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Yúróòpù. Nígbà tó padà dé, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń fi òru gbé ọtí líle tí wọ́n pọn láìsan owó orí fún ìjọba. Àwa tí a mọ bí ìjọba òyìnbó ṣe ka ògógóró sí ohun èèwọ̀ nílẹ̀ wa nígbà ìmúnisìn yóò tètè mọ irú òwò tó jẹ́.

Iṣẹ́ ọtí yẹn ní ọgbọ́n mẹkáníìkì tirẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn, ìdí ọkọ̀ á wọlẹ̀, ọlọ́pàá tó bá rí i lókèèrè ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, sípíríǹgì ẹ̀yìn ni àwọn tó ń gbé e máa ń kọ́kọ́ fi kún, títí ọkọ̀ yóò fi dúró gbọọrọ bí èyí tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn awakọ̀ ìje ìgbà àkọ́kọ́ gbé wọ pápá. Lọ́dún 1949 ọwọ́ tẹ Scott. Ilé ẹjọ́ kò rán an lẹ́wọ̀n, wọ́n fi í sábẹ́ àbójútó fún ọdún mẹ́ta.

Ta ló wá mú un wọ pápá ìje?

Àwọn ọlọ́pàá ni. Àwọn tó ń ṣètò ìje Dixie Circuit ní agbègbè náà ń wá awakọ̀ adúláwọ̀ kan tí èrò yóò torí rẹ̀ wá wòran. Wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá Danville pé adúláwọ̀ wo ló lè sáré jù. Àwọn ọlọ́pàá tó ti ń lé Scott kiri lóru dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún 1952 ló sá ìje àkọ́kọ́, ní Danville Fairgrounds Speedway. Àwọn òǹwòran kan hó lé e lórí, ọkọ̀ rẹ̀ sì bàjẹ́ kí ìje tó parí.

Kò jókòó sílé. Ó tún ọkọ̀ náà ṣe, ó fà á lọ sí ìje NASCAR ní Winston-Salem ní North Carolina, wọ́n lé e padà nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó lọ sí High Point lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Níbẹ̀, wọ́n ní kó gbé ọkọ̀ fún ọmọkùnrin aláwọ̀ funfun kan kó bá a wà á. Ó fa ọkọ̀ rẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ Dixie Circuit àti àwọn pápá tí NASCAR kò ní àṣẹ lé lórí. Ọjọ́ 12 péré lẹ́yìn ìje àkọ́kọ́ rẹ̀, ó gba ipò kìíní nínú ìje kúkúrú kan ní Lynchburg.

Báwo ló ṣe wá gba láísẹ́ǹsì NASCAR?

Ẹnu ọ̀nà kékeré ló gbà wọlé. Ní pápá kan ní Richmond, ó lọ bá Mike Poston, tó jẹ́ alábòójútó àbọ̀ṣẹ́ fún NASCAR tó sì ní àṣẹ láti fúnni ní láísẹ́ǹsì. Poston kìlọ̀ fún un pé wọn yóò fìyà jẹ ẹ́. Scott ní òun lè fara dà á. Poston fọwọ́ sí i, inú àwọn ọ̀gá lókè kò sì dùn sí i.

Lọ́dún 1954, olùṣètò ìje kan ní North Carolina fún gbogbo awakọ̀ aláwọ̀ funfun tó wá ní owó epo, ó sì fi Scott sílẹ̀. Scott bá Bill France Àgbà, olùdásílẹ̀ NASCAR, nínú pápá, ó ro ẹjọ́ fún un. France mú owó nínú àpò ara rẹ̀ fún un, ó sì ṣèlérí pé NASCAR kò ní fi àwọ̀ ṣe ìyàtọ̀ sí i mọ́. Ìlérí yẹn ṣẹ lápá kan, kò ṣẹ lápá kejì, bí ẹ ó ṣe rí i.

Kí ló ṣe ní agbègbè rẹ̀ kó tó dé ìpele gíga?

Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tó sá tó ìje márùn-ún, ní Virginia ní pàtàkì. Lọ́dún 1959 ó gba adé ìpele Sportsman ní Southside Speedway ní Richmond, ó sì gba ti gbogbo ìpínlẹ̀ Virginia ní ìpele kan náà. Ìyẹn ni kí ẹ sọ fún ẹni tó bá ní àánú ni wọ́n fi gbé e dé òkè. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1961 ló wọ Grand National, ìpele tó ga jù lọ, ní Spartanburg ní South Carolina. Ọmọ ọdún 39 ni nígbà náà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní Jacksonville?

Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1963 ni, ní Speedway Park, Jacksonville, ìpínlẹ̀ Florida. Pápá erùpẹ̀ ni. Ìyípo kan jẹ́ ìdajì máìlì, ìje náà sì jẹ́ ìyípo 200: kìlómítà 160, ó ju ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ. Chevrolet Bel Air ọdún 1962, tó rà ní àlòkù lọ́wọ́ awakọ̀ Ned Jarrett, ni Scott wà. Ipò 15 ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo pápá erùpẹ̀ náà dáadáa. Wọ́n máa ń wọ́n omi sí i kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, kí erùpẹ̀ lè dì. Bí oòrùn àti táyà bá ti fa omi yẹn tán, erùpẹ̀ á máa fò, ojú pápá á sì gbẹ́ kòtò, pàápàá ní ẹnu kọ́nà tí gbogbo ọkọ̀ ti ń gba ipa kan náà. Ẹni tó bá ń fi agbára já sínú kòtò yẹn ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Jacksonville gbẹ́ kòtò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ láti tún un ṣe lọ́la mọ bí a ti ń wakọ̀ yí kòtò ká.

Nígbà tó ku ìyípo 25, Scott kọjá Richard Petty tó wà níwájú. Ó parí ìyípo 200, kò rí àsíá dúdú-àti-funfun tó ń sọ pé ìje ti parí. Ó tún yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Buck Baker ni wọ́n ju àsíá sí. Òun ni wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún, òun ni wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú omidan arẹwà tí wọ́n fi ṣe ayaba ìje.

Scott ní kí wọ́n tún ìṣirò ṣe. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí òǹwòran bí 5,000 ti túká lọ sílé, àwọn alábòójútó jẹ́wọ́ pé Scott ló borí, ìyípo méjì gbáko ló sì fi ju Baker lọ. Wọ́n fún un ní owó tó tọ́ sí i, $1,000. Baker ti gbé ife lọ sílé.

Ṣé àṣìṣe ìṣirò lóòótọ́ ni?

Àṣìṣe ìṣirò máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà á: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan tó mú káàdì àti aago lọ́wọ́, tó ń kọ àkókò sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ rẹ̀ bá kọjá ìlà. Bí ọkọ̀ mẹ́fà bá jọ kọjá nínú eruku, tàbí tí ọkọ̀ rẹ̀ yà wọlé láti ra epo, ó rọrùn kí ìlà kan fò. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tó ń bá wáyà abẹ́ pápá sọ̀rọ̀, káàdì ti di ohun àtijọ́.

Scott àti ẹbí rẹ̀ kò gbà pé àṣìṣe ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé wọn kò fẹ́ kí adúláwọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ omidan aláwọ̀ funfun lójú èrò, kó fi ẹnu kò ó lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí àṣà, ní Florida ọdún 1963. Èrò tiwa: ká tiẹ̀ gbà pé káàdì ṣì í kà, káàdì kọ́ ló di ife mú fún ọdún 57.

Ife náà dà wàyí?

Ojúlówó ife ọjọ́ náà kò dé ọwọ́ Scott títí ó fi kú. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ní Savannah, wọ́n gbé ohun onígi kan fún un tí kò jọ ife ẹ̀yẹ rárá. Lọ́dún 2010, ẹgbẹ́ tó ń bu ọlá fún àwọn awakọ̀ ìje ní Jacksonville fún ẹbí rẹ̀ ní àwòṣe rẹ̀. NASCAR fúnra rẹ̀ wá gbé ife fún wọn ní Daytona ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2021, ọjọ́ kan ṣáájú ọjọ́ tí Scott ì bá pé ọmọ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Kí ló dé tí kò tún borí mọ́?

Owó. Petty ní ilé iṣẹ́ Plymouth lẹ́yìn, àwọn mìíràn ní Ford lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì tuntun ń dúró dè wọ́n, táyà tuntun wà nílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù sì wà. Scott kò ní ilé iṣẹ́ kankan. Ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti lò tì ló ń rà, nítorí náà, lọ́jọ́ tó bá gbé e wọ pápá, ó ti fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbẹ́yìn. Ìgbà mìíràn, táyà tí àwọn olówó yọ sọnù ló ń fi sáré.

Ẹ wo ìṣirò tí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti ṣe. Ìje 62 ló wà nínú sáà ọdún 1964 nìkan, àwọn kan láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó ní bá fọ́ lọ́jọ́ Àìkú, kò sí owó lọ́jọ́ náà, kò sì sí ọkọ̀ fún ìje tó kàn. Nítorí náà kò ní tẹ ẹ́ dé òpin agbára rẹ̀. Yóò fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yíyí, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan kí pístìnnì má baà gbá fáàfù. Yóò dín iná kù kó tó dé kọ́nà nítorí táyà iwájú ọ̀tún. Yóò jẹ́ kí àwọn olówó kọjá, yóò sì dúró de èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ máa bàjẹ́ nínú wọn. Ipò kẹjọ tó mú owó wálé sàn fún un ju ipò kejì tó fọ́ ẹ́ńjìnnì lọ.

Ọ̀nà yẹn ló gbé e dé ipò kẹfà nínú ìṣirò àmì gbogbo ọdún 1966, tó sì tún wà láàárín ẹni mẹ́wàá ní 1967, 1968 àti 1969. Ẹni tó bá mọ mẹkáníìkì yóò yẹ́ ẹ sí fún èyí ju Jacksonville lọ.

Àwọn wo ló ń bá a ṣiṣẹ́?

Ẹbí rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, Wendell Kékeré àti Frank, ni mẹkáníìkì rẹ̀ ní pápá. Ìyàwó rẹ̀, Mary, ló di ilé mú pẹ̀lú ọmọ méje. Nígbà tí òfin ìyasọ́tọ̀ àwọ̀ ṣì wà ní gúúsù Amẹ́ríkà, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ tí wọ́n lè yà kò pọ̀. Oúnjẹ ni wọ́n ń dì láti ilé, inú ọkọ̀ ni wọ́n sì ń sùn. Àwọn awakọ̀ aláwọ̀ funfun kan náà dúró tì í; Earl Brooks wà lára àwọn tó fún un ní ọwọ́.

Báwo ló ṣe fi eré ìje sílẹ̀?

Ní oṣù Karùn-ún 1973, ní Talladega, ìpínlẹ̀ Alabama, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan bú, epo dà sójú pápá, ọkọ̀ bí ogún sì kọlu ara wọn nínú èéfín. Mercury kan tó jẹ gbèsè rà ni Scott wà. Egungun ìhà rẹ̀ àti ti ìbàdí kán, kíndìnrín rẹ̀ fara pa, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì fara gba. Ọkọ̀ náà kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ó tún padà fún ìje kan ní Charlotte ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó gba ipò 12, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ṣé òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó wakọ̀ ní NASCAR?

Rárá, àṣìṣe yìí sì wọ́pọ̀. Elias Bowie sá ìje kan ní California lọ́dún 1955. Charlie Scott, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, sá ìkan ní etíkun Daytona lọ́dún 1956. Wendell ni àkọ́kọ́ tó borí, òun sì ni àkọ́kọ́ tó fi ṣe iṣẹ́ jẹun.

Àṣìṣe kejì tí ẹ máa rí ni ọdún ìborí rẹ̀. Àwọn kan kọ 1963, àwọn kan kọ 1964. Àwọn méjèèjì ní ìdí: oṣù Kejìlá 1963 ni wọ́n sá ìje náà, àmọ́ NASCAR kà á mọ́ sáà 1964.

Àwọn wo ló tẹ̀lé e?

Bubba Wallace ni adúláwọ̀ kejì tó borí ní ìpele gíga náà, ní Talladega, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 2021. Òjò ló dá ìje dúró ní ìyípo 117 nínú 188. Michael Jordan àti Denny Hamlin ló ni ọkọ̀ 23 tó wà. Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 2014 ní Martinsville, pápá tí kò jìnnà sí Danville, Wallace kọ nọ́mbà 34 ti Scott sára ọkọ̀ akẹ́rù ìje rẹ̀, ó sì borí. Rajah Caruth náà borí ní ìpele ọkọ̀ akẹ́rù ní Las Vegas lọ́dún 2024.

Ẹni mẹ́ta péré ní ìpele orílẹ̀-èdè, láàárín ọgọ́ta ọdún. Ọ̀rọ̀ owó tí a sọ lókè kò tíì yí padà: ọmọ tó bá fẹ́ wakọ̀ ìje lónìí ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ go-kart, ẹbí rẹ̀ ló sì máa ń ra táyà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí onígbọ̀wọ́ kankan tó yọjú.

Ọlá wo ni wọ́n ti bù fún un?

Òpópónà tí ilé rẹ̀ wà ní Danville ti ń jẹ́ Wendell Scott Drive. Ìjọba Virginia gbé pátákó ìtàn kalẹ̀ nílùú náà lọ́dún 2013. Ní oṣù Kìíní 2015, wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wọ NASCAR Hall of Fame, gbọ̀ngàn ọlá eré náà, ní Charlotte, òun sì ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gba ọlá náà fún un. Àjọ Wendell Scott Foundation tí ẹbí rẹ̀ dá sílẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ṣé nọ́mbà 34 ṣì wà lórí pápá?

Ó wà. NASCAR kì í fi nọ́mbà pamọ́ fún ẹni tó ti lọ, ẹgbẹ́ tó bá tọrọ rẹ̀ ni wọ́n ń fún. Lọ́dún 2021, oṣù mẹ́fà kí ife tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ Scott, Michael McDowell fi ọkọ̀ 34 borí Daytona 500, ìje NASCAR tó lókìkí jù lọ.